Ọ̀nà Etí Òkun tí Àwọn Ọmọ Ogun Fi Dígà Là

Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ ń jà nílẹ̀ wa, ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń wà ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Ọsirélíà. Ilé-ìwé a wọ ìsinmi, oòrùn a mú ganrínganrín, àwọn òbí a sì kó ọmọ, wọn a kó ìkòkò àti ibùsùn sínú ilé kékeré orí táyà tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní káráfáànù, ó di etí òkun. Ọ̀nà kan wà ní ìpínlẹ̀ Victoria tí àwọn oníkáráfáànù fẹ́ràn púpọ̀. Great Ocean Road ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Torquay ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ìtòsí Allansford ni ó parí sí, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 243. Bí awakọ̀ bá dojú kọ ìwọ̀-oòrùn, òkun wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, òkè àti igbó Otway wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a yà sí ọgbà tí a ṣe fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn a dáná, wọn a jẹun, wọn a sì máa gbọ́ híhó òkun títí oorun yóò fi gbé wọn lọ.

Kò sí ohun tí ó burú nínú ìgbádùn yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kọ́ nípa ìtàn yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé, láti ìgbà wo ni etíkun yìí ti di àwòmálèlọ? Kò tíì pẹ́ rárá. Kí ọ̀nà yìí tó wà, ohun ẹ̀rù ni etíkun náà jẹ́ fún ẹni tí ó bá ti orí omi wò ó. Fún àwọn tí a bí síbẹ̀, ilé ni, oko ọdẹ sì ni. Ọ̀nà ni ó sọ ọ́ di ẹlẹ́wà lójú àlejò. Àwọn tí ó sì la ọ̀nà náà kò là á nítorí ẹwà. Nítorí àwọn òkú ni wọ́n ṣe là á.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bá àwọn atukọ̀ wò ó. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ onígbòkun tí ó bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀ wá sí Melbourne yóò ti wà lórí agbami fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Níkẹyìn, àlàfo kan ni yóò gbà wọlé, láàrin ṣóńṣó ilẹ̀ Otway àti erékùṣù King, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 90 lọ. Lójú awa tí a wà lórí ilẹ̀, àyè ńlá ni. Ṣùgbọ́n fún ọ̀gákọ̀ tí kò rí oòrùn tàbí ìràwọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí kùrukùru bò, tí afẹ́fẹ́ sì ń tì lẹ́yìn kíkankíkan, ojú abẹ́rẹ́ ni; àwọn atukọ̀ fúnra wọn a sì máa fi í wé fífi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ní oṣù Kẹjọ 1845, ọkọ̀ Cataraqui tí ó kó àwọn aṣíkiri ṣìnà níbẹ̀, ó forí sọ àpáta erékùṣù King, nǹkan bí 400 ènìyàn sì bá a lọ. Ẹni mẹ́sàn-án péré ni ó yè. Ọ̀ràn yìí wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba kọ́ ilé ìmọ́lẹ̀ tí ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà sí ṣóńṣó ilẹ̀ Otway. Ní 1848 ni wọ́n kọ́kọ́ tan iná rẹ̀.

Iná náà ní ìtàn mìíràn lábẹ́. Kí a tó lè kọ́lé síbẹ̀, a ní láti wá ọ̀nà débẹ̀ láti orí ilẹ̀, a sì ní láti wọn ilẹ̀ náà. Igbó Otway kì í sì í ṣe igbó tí kò ní olúwa. Àwọn ènìyàn Gadubanud ni ó ni ín láti ayébáyé. Ní 1846, wọ́n pa ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí ó tẹ̀lé wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan tí ń jẹ́ George Smythe. Smythe padà lọ pẹ̀lú àwọn tí ó gbé ìbọn, wọ́n ká àwọn Gadubanud mọ́ ẹnu odò Aire, wọ́n sì pa nínú wọn. Lẹ́yìn ọdún náà orúkọ wọn di ọ̀wọ́n nínú ìwé àwọn òyìnbó. Iná tí a tàn láti gba ẹ̀mí àwọn tí ń bọ̀ là, ẹ̀mí àwọn tí a bá nílẹ̀ wà lára ohun tí a fi ṣí ọ̀nà rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le, ṣùgbọ́n n kò rí bí mo ṣe lè sọ ọ́ kí ó rọ̀.

Ilé ìmọ́lẹ̀ dín ewu kù. Kò pa á run. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta 1878, ọkọ̀ Loch Ard gbéra ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn 54 sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó ku dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n ṣe àríyá ìparí ìrìn-àjò ní alẹ́. Ní ìdájí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà, kùrukùru ká díẹ̀, ni wọ́n bá rí i pé ògiri àpáta ni ó wà níwájú wọn. Ọ̀gákọ̀ ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, kò mú. Ó fẹ́ yí ọkọ̀ padà, àyè kò gbà á. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ọkọ̀ ti rì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ iṣẹ́ atukọ̀, Tom Pearce, ni ìgbì gbé wọ inú ọ̀gbun kan láàrin àpáta, ibi tí iyanrìn díẹ̀ wà. Bí ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ ni ó gbọ́ igbe obìnrin láti ojú omi. Eva Carmichael ni, ọmọ Áyálàndì, tí ó ti wà nínú omi tútù yẹn fún wákàtí mélòó kan. Tom padà sínú omi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó wẹ̀ débẹ̀, ó fà á wá sí èbúté, ó gbé e sínú ihò àpáta, ó fún un ní ọtí bíráńdì tí omi gbé wá, lẹ́yìn náà ó gun òkè àpáta náà láti lọ wá ìrànlọ́wọ́.

Àwọn méjèèjì nìkan ni ó yè. Àwọn oníwèé ìròyìn ń retí kí wọ́n fẹ́ ara wọn, nítorí wọ́n fẹ́ kí ìtàn náà dùn parí. Ṣùgbọ́n Eva ti pàdánù bàbá, ìyá àti gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀ tí ó bá a wọkọ̀. Kò pẹ́ tí ó fi padà sí Áyálàndì, Tom náà sì padà sí ẹnu iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ohun kan tún yè. Ọ̀kín tánganran kan, tí ó ga ju mítà kan lọ, tí wọ́n ń gbé bọ̀ fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí yóò wáyé ní Melbourne ní 1880, ni omi gbé gúnlẹ̀ nínú àpótí rẹ̀. Ènìyàn 52 kú. Ọ̀kín kò fọ́. Ó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Warrnambool, ibẹ̀ ni àwọn oníkáráfáànù sì ti ń wò ó.

Wàyí o, ọ̀nà. Ogun Àgbáyé Kìíní pa ọmọ Ọsirélíà tí ó lé ní 60,000, nígbà tí gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè náà kò tó mílíọ̀nù márùn-ún àti ààbọ̀. Òkèèrè ni a sì sin wọ́n sí, níbi tí ìyá àti ìyàwó wọn kò lè dé. Síbẹ̀, àwọn tí ó padà wálé ń wá iṣẹ́. William Calder, olórí àjọ tí ń bójú tó ọ̀nà ìgbèríko ní Victoria, mú àbá wá pé kí a fún wọn ní ọ̀nà láti là. Howard Hitchcock, Méyọ̀ ìlú Geelong, gba àbá náà mọ́ra. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1918, òun sì di olórí rẹ̀, ó sì fi owó ara rẹ̀ sí i. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ọ̀nà náà jẹ́ ohun ìrántí fún àwọn tí ó kú lójú ogun. Ní tèmi, ọgbọ́n ńlá ni. Ère òkúta pọ̀ ní ayé, ṣùgbọ́n ère kì í gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1919 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí 3,000 ọmọ ogun tí ó ti ojú ogun bọ̀ ni ó ṣe é. Kò sí katakata. Dígà, ṣọ́bìrì, bárò, ẹ̀tù àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n fi gé ọ̀nà sí ara àpáta. (Àwọn ará Ọsirélíà a máa pe ọmọ ogun wọn ní Digger, ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò kí a túmọ̀ rẹ̀ fún un.) Owó iṣẹ́ wọn jẹ́ ṣílè mẹ́wàá àti sísì fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, pẹ̀lú ìdajì ọjọ́ ní Sátidé. Inú àgọ́ ni wọ́n ń sùn nínú igbó. A fún wọn ní dùùrù, ẹ̀rọ agbórin àti ìwé ìròyìn. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin òǹkàwé: ọkùnrin tí ó ti pẹ́ nínú yàrà ogun ní ilẹ̀ Faransé, tí ìró àgbá kò tíì kúrò létí rẹ̀, ni a tún gbé ẹ̀tù lé lọ́wọ́ kí ó fi fọ́ òkè. Iṣẹ́ náà pa nínú wọn.

Wọ́n rí ẹ̀rín náà rín. Ní 1924, ọkọ̀ Casino gun àpáta nítòsí Cape Patton, ó sì ní láti da ẹrù sínú omi kí ó lè fò: àgbá bíà 500 àti àpótí ọtí líle 120. Òkun gbé ọtí wá bá àwọn òṣìṣẹ́ ní ibùdó wọn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni dígà fi sinmi.

Ní 1922 ni apá tí ó dé Lorne ṣí. Àwọn oníbodè dúró ní Eastern View láti gba owó tí a ó fi san gbèsè: ṣílè méjì àti sísì fún mọ́tò, ṣílè mẹ́wàá fún kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin tí ó ju méjì lọ ń fà. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó iṣẹ́ òòjọ́ ẹni tí ó la ọ̀nà náà. Apá tí ó ṣòro jù, láti Lorne dé Apollo Bay, ni ó parí ní 1932. Hitchcock kò rí i. Ó kú ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà náà ní oṣù Kọkànlá, wọ́n wa mọ́tò rẹ̀ tẹ̀lé ti gómìnà, òun kò sí nínú rẹ̀. Ní 1936 ìjọba gba ọ̀nà náà, owó ibodè sì kásẹ̀ nílẹ̀.

Nígbà náà ni àwọn arìnrìn-àjò ìgbádùn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ilé orí kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1885 ni Gordon Stables, tí ó ti ṣe dókítà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi, ní kí wọ́n kan irú rẹ̀ fún òun ní Bristol, tí ó sì fi ẹṣin méjì wọ́ ọ dé ilẹ̀ Scotland fún ìgbádùn lásán. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí òṣìṣẹ́ lásán lè ra mọ́tò, ni káráfáànù tó wọ́pọ̀ ní Ọsirélíà. Ohun tí wọ́n ń lọ wò jù ni àwọn òpó àpáta ẹfun tí ó dúró nínú òkun nítòsí Port Campbell. Abo Ẹlẹ́dẹ̀ àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀ ni a ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di Àpọ́sítélì Méjìlá. Mẹ́sàn-án péré ni wọ́n ń kà, ọ̀kan sì wó ní 2005. Ní 1990, ọ̀kan nínú apá méjì afárá àpáta tí wọ́n ń pè ní London Bridge já sínú omi, àwọn àlejò méjì sì há sí òdìkejì títí ọkọ̀ òfuurufú fi wá gbé wọn. Ìgbì tí ó fọ́ Loch Ard kò dáwọ́ dúró nítorí pé a ti ń ya fọ́tò.

Ní Eastern View, ẹnu ọ̀nà onígi kan gba orí ọ̀nà kọjá fún ìrántí àwọn ọmọ ogun náà, káráfáànù sì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe àkọ́kọ́. Iná igbó 1983 jó èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ti àwọn onílẹ̀, ó di 2023 kí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tó jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ àwọn Eastern Maar, tí a ka àwọn Gadubanud mọ́, lórí apá kan ilẹ̀ etíkun yìí. Ọdún 177 ni, bí a bá kà á láti ọjọ́ ẹnu odò Aire.

Ọ̀nà náà ṣì ń fẹ́ ìtọ́jú. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 2015, iná igbó jó ilé 116 ní Wye River àti Separation Creek. Igi tí ó di òkè mú ti jóná, nítorí náà nígbà tí òjò ńlá rọ̀ ní 2016, ilẹ̀ ya bo ọ̀nà, wọ́n sì tì í. Àwọn oníkáráfáànù gba inú oko lọ yí ká, títí àwọn òṣìṣẹ́ fi kó ẹrẹ̀ àti òkúta kúrò.