IGI NI LOMÉ FI Ń JẸ́ LOMÉ

Ìtàn ni a fẹ́ kà lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn igi ni. Ẹnìkan lè bi wá pé: "Ṣé igi náà ní ìtàn ni?" Ó ní. Ẹ fara balẹ̀, ẹ kà á.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ìlú Lomé. Àwọn Ewe tó ni ilẹ̀ sọ pé Alotimé ni wọ́n ń pè é nígbà àtijọ́. Alo ni igi kan tí wọ́n ń gé ṣe orín tí à ń run láàárọ̀. Alotimé túmọ̀ sí "àárín àwọn igi alo." Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Dzitri, tó ti Notsé wá, ló tẹ ibẹ̀ dó. Kí ló bá níbẹ̀? Kò bá ilé, kò bá ọjà. Igi ló bá.

Àwa Yorùbá mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìdí-Ìrókò wà ní ààlà Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀. Ìdí-Àràbà wà ní Èkó. Ìdí-Arère wà ní Ìbàdàn. Kí ló fà á? Abẹ́ igi ni arìnrìn-àjò ti ń sinmi. Abẹ́ igi ni àwọn àgbà ti ń parí ìjà. Abẹ́ igi ni ọjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Igi ni ilé àkọ́kọ́ tí ìlú ní.

Ṣùgbọ́n lónìí, ẹni tó bá rìn láti Djidjolé dé etí òkun Lomé lè má rí igi alo kan ṣoṣo. Orúkọ wà, igi ti lọ. Ibi tí igi àtijọ́ ti kù ní ìlú náà ni igbó mímọ́ ti Bè. Ilé ti yí i ká, ó sì ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èèwọ̀ kò jẹ́ kí àáké pa á run. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ohun tí àwọn baba wa bọ̀wọ̀ fún, òun ló ṣẹ́kù fún wa.

Kí ló wá rọ́pò alo? Nígbà tí ìlú ń gbòòrò, pàápàá lẹ́yìn tí àwọn Jámánì fi Lomé ṣe olú-ìlú ní ọdún 1897, àgbọn ló gba etí òkun. Owó ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ń ra ẹran àgbọn gbígbẹ, wọ́n ń fi òróró rẹ̀ ṣe ọṣẹ. Octaviano Olympio, ọmọ ìdílé Àgùdà kan, ní oko àgbọn ńlá. Òun ni arákùnrin bàbá Sylvanus Olympio tó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Togo.

Àgbọn lẹ́wà ní etí òkun, kò sí ẹni tó máa jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láàrin ọdún 1930 sí 1939, àrùn kan bọ́ sí oko àgbọn. Ní Togo, wọ́n fi orúkọ abúlé kan pè é ní àrùn Kaïncopé. Ní Gold Coast, tó di Ghana, wọ́n pè é ní àrùn Cape Saint Paul. Kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á. Èso á kọ́kọ́ já bọ́, ewé á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, orí igi á wó lulẹ̀, ìtí á wá dúró gbọnrangandan bí òpó wáyà. Níbi tó jẹ́ pé àgbọn nìkan ló wà, ìbòji lọ, owó náà sì lọ.

Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹ̀yin rò pé iye igi nìkan ni wọ́n ń sọ? Irú igi náà wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹgbẹ̀rún igi tó jẹ́ irú kan ṣoṣo, oko ni, kì í ṣe igbó. Àwọn Jámánì kan náà ló mú tíìkì wá láti ilẹ̀ Éṣíà, tí wọ́n tò ó bí ọmọ ogun. Igi dáadáa ni, ó wúlò fún òpó àti pákó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbin tíìkì nìkan, kó má retí èso, kó má sì retí ìbòji nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí ìgbà náà ló ń wọ́ ewé rẹ̀ dànù.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí Djidjolé. Àríwá ọ̀sà Lomé ni àdúgbò yìí wà. Ẹni tó bá gbọ́ Ewe yóò gbọ́ "ìdùnnú" nínú orúkọ rẹ̀. Kò sí igi nínú orúkọ náà, nítorí náà ọwọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni igi rẹ̀ wà.

Ẹ wo àwọn igi tí à ń gbìn sí àgbàlá ní ìlú wa, bí ẹni ń wo aṣọ. Ewé máńgòrò a máa pọ́n nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, kó tó di àwọ̀ ewé. Fúrúùtù a máa na ẹ̀ka rẹ̀ ní ìpele ìpele bí àtẹ ọjà. Pánṣẹ́kẹ́ a máa tan òdòdó pupa bí iná, èso rẹ̀ gígùn a sì máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Dóńgóyárò ní ewé wẹ́wẹ́ àti òdòdó funfun kékeré. Àlejò ni gbogbo wọn: máńgòrò, fúrúùtù àti dóńgóyárò wá láti Éṣíà, pánṣẹ́kẹ́ wá láti Madagásíkà. Àlejò rere ni wọ́n. Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn onílé wà? Níbo ni akòko wà, tí a ń fi ewé rẹ̀ jẹ oyè, tí òdòdó rẹ̀ rí bí àlùkò tó ṣá? Níbo ni àràbà wà, tí òwú rẹ̀ ń fò nínú afẹ́fẹ́?

Láti ọdún 1977 ni ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ti jẹ́ Ọjọ́ Igi ní Togo. Ohun tó dára ni. Bí ọjọ́ náà bá dé, ẹ má ṣe gbin irú èyí tí aládùúgbò yín ti gbìn. Bí tirẹ̀ bá jẹ́ máńgòrò, kí tiyín jẹ́ akòko. Bí ẹ bá sì fẹ́ gé igi kan láti kọ́lé, ẹ kọ́kọ́ gbin òmíràn.

Iṣẹ́ yín fún ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. Ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ ka igi tó wà ní àgbàlá yín àti ní òpópónà yín. Ẹ kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ẹ sì bi aládùúgbò tó jẹ́ Ewe léèrè ohun tí wọ́n ń pè é. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ lọ bi ìyá àgbà. Ẹ ṣe é nísinsìnyí tí igi ṣì wà lórí ìdúró, tí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ sì ṣì wà láyé.