Ta Ló La Ọ̀nà Àlejò ní Ìgbèríko Ireland?

Ẹni tó bá rin ìgbèríko ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ireland, láti Donegal dé Kerry, ohun tó sábà máa ń yìn ni bí ibẹ̀ ṣe pa rọ́rọ́. Òkè nìyí, adágún odò nìyẹn, àgùntàn ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta, kò sí ilé, kò sí ariwo ọjà. Àwọn tó ń polówó ìrìn-àjò afẹ́ a máa sọ pé ọwọ́ ènìyàn kò tíì kan irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló sọ ilẹ̀ náà di bó ṣe rí, ọ̀nà tí àlejò sì ń tọ̀ lọ wò ó, àwọn tó ní agbára lórí ilẹ̀ ló là á. Nígbà tí ìjọba ka àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní ọdún 1841, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 8 ní gbogbo erékùṣù náà. Lónìí, bí a bá ro àwọn ará Olómìnira Ireland pọ̀ mọ́ ti Àríwá Ireland, gbogbo wọn kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 7 lọ. Ilẹ̀ tí èrò rẹ̀ ṣì kéré sí ti ọgọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn, nígbà tí èrò gbogbo ayé ti di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀, a kò lè ka ìdákẹ́rọ́rọ́ rẹ̀ sí bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ó ní ìtàn, a sì mọ ọdún tó bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe àwọn onílẹ̀ ńláńlá ló kọ́kọ́ mú kí ènìyàn máa rin ìgbèríko yìí. Ẹsẹ̀ àwọn onísìn ló kọ́kọ́ la ọ̀nà ibẹ̀. Òkè Croagh Patrick ní Mayo, tó ga ní mítà 764, ni ọ̀pọ̀ èrò ṣì máa ń gùn ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Keje lọ́dọọdún, àwọn mìíràn á sì gùn ún láìwọ bàtà. Erékùṣù kékeré tó wà nínú adágún Lough Derg ní Donegal lókìkí káàkiri Yúróòpù débi pé Póòpù pàṣẹ ní 1497 pé kí wọ́n ti ibẹ̀ pa. Kò pẹ́ tí àwọn èrò fi padà síbẹ̀, títí dòní ni wọ́n sì ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Irú arìnrìn-àjò yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi òkè hàn án. Ó mọ ohun tó ń wá, òun àti ará abúlé tó bá lọ́nà sì jọ ń kúnlẹ̀ sídìí kànga mímọ́ kan náà ni. Àlejò tó dé lẹ́yìn rẹ̀, tó wá wòran, ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn nílò ẹni tí yóò bá a pinnu ibi tó yẹ kó dúró sí àti ibi tó yẹ kó kọjú sí, ẹni náà ló sì ń pinnu, bó sọ ọ́ bí kò sọ ọ́, ohun tí àlejò yóò kọ ẹ̀yìn sí.

Killarney ní Kerry ni èyí ti hàn kedere jù. Ìdílé Browne, tí oyè wọn ń jẹ́ Viscount Kenmare, ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ìlú náà. Láàárín ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Thomas Browne, Viscount kẹrin, dáwọ́ lé títún ìlú náà ṣe kí àlejò lè máa wá wo adágún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà níbẹ̀. Ó yẹ kí n fi kún un pé ìdílé yìí kì í ṣe ẹlẹ́sìn mìíràn: Kátólíìkì ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn. Arthur Young, onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Killarney ní 1776. Nínú ìwé kan náà tó ti yin adágún ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé pé ekukáká ni onílẹ̀ ní Ireland fi lè pa àṣẹ kan tí tálákà tó ń gbé orí ilẹ̀ rẹ̀ yóò láyà láti kọ̀. Ìròyìn méjèèjì wá láti ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo, ìrìn-àjò kan ṣoṣo ló sì bí wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n pín wọn níyà, tí ọ̀kan di ìpolówó, tí èkejì di ọ̀rọ̀ àwọn òpìtàn.

Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi wọ̀, iṣẹ́ àlejò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Killarney. Àwọn atukọ̀ a wa àlejò dé ìsàlẹ̀ òkè tí wọ́n ń pè ní Eagle's Nest, wọn a fun fèrè idẹ tàbí kí wọ́n yin ìbọn àgbá kékeré, òkè a sì máa dá ohùn náà padà léraléra títí yóò fi rọlẹ̀. Rélùwéè dé ìlú náà ní 1853, iléeṣẹ́ rélùwéè sì ṣí òtẹ́ẹ̀lì sítòsí ibùdókọ̀ ní 1854. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ wá. Ọ̀dọ̀ ìdílé Browne ló kọ́kọ́ sùn, lẹ́yìn náà ló lọ sí Muckross House, ilé ńlá tí ìdílé Herbert parí ní 1843. Orúkọ àwọn obìnrin tó bá ọbabìnrin rìn ni wọ́n fi ń pe ibì kan lórí òkè títí dòní, Ladies View, ibẹ̀ sì ni bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò máa ń dúró sí kí wọ́n lè ya fọ́tò. Ìdílé Herbert ná owó rẹpẹtẹ lórí àlejò ọba yìí. Gbèsè gùn wọ́n lórí, kí ọ̀rúndún náà sì tó parí, ilé náà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá tún àwọn ọdún yẹn kà. 1843 ni wọ́n parí Muckross House. 1845 ni àrùn kọ lu pòtétò, oúnjẹ tí bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará ìlú fi ń gbé ẹ̀mí ró. Ewé rẹ̀ a dúdú láàárín ọjọ́ díẹ̀, iṣu rẹ̀ a sì rà sínú ilẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1852, nǹkan bí mílíọ̀nù 1 ènìyàn ni ìyàn àti àìsàn tó bá a rìn ti pa, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 1 sì ti wọ ọkọ̀ òkun lọ. Ní gbogbo àsìkò yẹn, wọn kò dẹ́kun kíkó ọkà àti ẹran láti èbúté Ireland lọ tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1847 sọ pé ẹni tí ilẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ bá ju ìdámẹ́rin éékà lọ kò gbọdọ̀ jẹ nínú ìrànwọ́ ìjọba àfi tó bá kọ́kọ́ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Onílẹ̀ tó ti ń wá bí yóò ṣe kó ènìyàn kúrò kí ó lè kó màlúù àti àgùntàn síbẹ̀, òfin ti bá a ṣe é. Bí ìdílé bá ti jáde, wọn a já òrùlé ilé lulẹ̀ kí wọ́n má bàa padà wọlé. Ní 1848, nígbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́, ni akéwì Gẹ̀ẹ́sì náà, Alfred Tennyson, wá sí Killarney, tó gbọ́ fèrè lórí adágún, tó sì fi ohùn náà kọ ewì tó lókìkí. N kò dá akéwì lẹ́bi. Ọdún yẹn ni mo fẹ́ kí á rántí: ebi ń pa ènìyàn ní Kerry, síbẹ̀ wọn kò ṣíwọ́ fèrè fífun fún àlejò.

Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wá, ẹ wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ní Mayo, Galway tàbí Kerry dáadáa. Ẹ óò rí ìlà-ìlà lábẹ́ koríko, tó ń ti ẹsẹ̀ òkè gùn lọ sókè, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ebè ni. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ fi ajílẹ̀ àti koríko òkun tó fi ẹ̀yìn rù wá sórí ilẹ̀, ó fi ṣọ́bìrì tẹ́ẹ́rẹ́ gé koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, ó sì dojú rẹ̀ dé e lórí. Àárín ebè méjì ló fi sílẹ̀ kí omi lè rí ibi gbà, torí òjò ibẹ̀ kì í dá bọ̀rọ̀. Wọ́n kọ ebè dé ibi gíga tí àgbẹ̀ kankan kò jẹ́ dán an wò lónìí, nítorí pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tó lọ́ràá ti wà lọ́wọ́ àwọn tó lágbára owó rẹ̀. Ohun tó sì jẹ́ kí ebè wọ̀nyẹn wà títí di báyìí ni pé kò sí ẹni tó padà wá tún ilẹ̀ náà ro. Ibi ìtàn ni wọ́n lójú mi, bí ilé olódi èyíkéyìí.

Kì í ṣe ebè nìkan. Ní erékùṣù Achill, nísàlẹ̀ òkè Slievemore, àlàpà ilé tó tó 80 sí 100 tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo. Òkúta lásán ni wọ́n tò jọ fi kọ́ wọn, ènìyàn a máa gbé apá kan, màlúù a sì wà ní apá kejì. Lójú ọ̀nà tó ti Louisburgh lọ sí Delphi ní Mayo, ọ̀rọ̀ náà tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 1849, wọ́n sọ fún ọ̀pọ̀ àwọn tí ebi ń pa pé kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé Delphi Lodge lọ fara han àwọn tó ń bójú tó ìrànwọ́. Nínú òtútù náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún Doolough, ni àwọn kan nínú wọn kú sí. Àgbélébùú òkúta kan wà níbẹ̀ báyìí fún ìrántí wọn. Ẹwà àfonífojì yẹn ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń bá lọ síbẹ̀, ẹwà náà sì wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ibẹ̀ kọjá láìmọ̀ ìdí tí àgbélébùú yẹn fi wà níbẹ̀, òkè àti omi nìkan ló rí.

Ẹnìkan lè sọ pé mò ń fi ìyàn ṣàlàyé gbogbo àlàpà. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Wọ́n ti ń kọ ebè kí 1845 tó dé, àwọn ará Achill sì tún ń lo ilé Slievemore nígbà ẹ̀ẹ̀rùn fún dída màlúù, pẹ́ títí wọ inú ọ̀rúndún ogún. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé ó mú ọ̀rọ̀ mi lágbára sí i. Ilẹ̀ tí wọ́n dáko sí, tí wọ́n lé ènìyàn kúrò lórí rẹ̀, tí àwọn kan tún padà fi da ẹran, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ nígbẹ̀yìn, báwo ni a ṣe fẹ́ pè é ní ilẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn?

Àtakò tó le jù lójú mi ni ti igbó. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, igbó tó kù ní Ireland kò tó ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà. Igi óákù tó yí Killarney ká àti àgbọ̀nrín pupa tó ń gbé inú rẹ̀ ì bá má kù bí kì í bá ṣe ọgbà tí àwọn onílẹ̀ sọ. Ní 1932, ìdílé Bourn àti Vincent tó ni Muckross nígbà náà fi gbogbo rẹ̀ ta orílẹ̀-èdè lọ́rẹ, ó sì di ọgbà ìjọba àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ireland. Ó ti lé ní hẹ́kítà 10,000 báyìí. Ọpẹ́ tọ́ sí wọn. Síbẹ̀, ọgbà tó dáàbò bo àgbọ̀nrín ni ọgbà kan náà tí kò jẹ́ kí ará abúlé ṣẹ́gi. Ìtàn méjèèjì ni ó yẹ kó wà lórí pátákó kan náà.

Àwọn mìíràn ní àlejò wá sinmi ni, kì í ṣe pé ó wá ṣọ̀fọ̀. Kí ni wọ́n wá ń wò ní Ross Castle, ilé olódi Killarney tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun Cromwell láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1652? Kí ni wọ́n ń wò ní ilé àwọn mọ́ńkì ní Muckross, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1448, tí kò ní òrùlé mọ́ nítorí ogun kan náà? Ikú àti ìparun ni méjèèjì, àwọn ọmọdé ń sáré kiri inú wọn, àwọn òbí ń ya fọ́tò. Ìbànújẹ́ kò lé àlejò rí. Ìbànújẹ́ ti àwọn ọlọ́lá ni wọ́n kọ́kọ́ ri pátákó fún, tí ti àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ sì pẹ́ kó tó rí tirẹ̀.

Ìbànújẹ́ tiwọn náà sì ti ń rí pátákó díẹ̀díẹ̀. Ní Strokestown, ní Roscommon, oníṣòwò kan ra ilé ńlá ìdílé Mahon ní 1979, ó sì bá àwọn ìwé ìṣirò ilẹ̀ àti lẹ́tà ìgbà ìyàn níbẹ̀. Inú wọn ni ìtàn àwọn ènìyàn 1,490 wà, tí Denis Mahon, onílẹ̀ ibẹ̀, sanwó ọkọ̀ òkun fún ní 1847 kí wọ́n lè kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé Dublin, wọ́n gba Liverpool kọjá sí Kánádà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì dé ibẹ̀ láàyè. Wọ́n yìnbọn pa Mahon ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìyàn ṣí níbẹ̀ ní 1994, wọ́n sì ti sàmì sí ọ̀nà tí àwọn 1,490 náà rìn, kìlómítà 165, tí ẹnikẹ́ni lè fẹsẹ̀ tọ̀ lónìí. Inú ilé onílẹ̀ gan-an ni wọ́n ti rí ẹ̀rí náà. Ìdí nìyí tí n kò fi ní kí àlejò yàgò fún àwọn ilé ńlá. Kí ó wọlé, kí ó wo àwo àti àga, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń mú un yíká pé níbo ni ìwé ìṣákọ́lẹ̀ wà, àti orúkọ àwọn tó ń san án.