Kí ló ń mú kí èèyàn yan ẹnìkan láàyò? Ohun tí àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá rí

Bí a bá bi ọ̀dọ́ tó ń wá ẹni tí yóò fẹ́ léèrè irú ẹni tó wù ú, kì í pẹ́ kó tó kà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ: ọmọlúàbí, arẹwà, ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́, olùbẹ̀rù Ọlọ́run. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó sì gbàfiyèsí jù nínú àbájáde wọn ni pé ohun tí èèyàn kà sílẹ̀ àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí kì í sábà bára mu.

Ẹni tó wà nítòsí

Lọ́dún 1932, James Bossard gbé àbájáde àyẹ̀wò tó ṣe sórí ìwé ìgbéyàwó 5,000 nílùú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, jáde. Nínú tọkọtaya mẹ́ta, ọ̀kan ló jẹ́ pé òpópónà márùn-ún péré, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ló wà láàárín ilé àwọn méjèèjì. Robert Zajonc ṣàlàyé kan lọ́dún 1968 tó bá èyí mu: bí ojú bá ṣe ń rí nǹkan lemọ́lemọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ń fẹ́ràn rẹ̀ sí i.

Ijó tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà ṣètò

Elaine Walster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní 752 sí agbo ijó. Wọ́n sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà ni yóò wá ẹnìkejì tó bá ìwà wọn mu fún wọn. Ẹ̀tàn ni. Bó ṣe bọ́ sọ́wọ́ ni wọ́n pín wọn, àfi pé wọn kò fún ọkùnrin kankan ní obìnrin tó ga jù ú lọ.

Èrò àwọn olùwádìí ni pé kálukú yóò fẹ́ ẹni tí ẹwà rẹ̀ kò ju tirẹ̀ lọ. Àbájáde wọn tó jáde lọ́dún 1966 sọ nǹkan mìíràn: làákàyè kọ́, ìwà kọ́, ẹwà ẹnìkejì ló pinnu bóyá wọ́n tún fẹ́ bá a jáde. Lóòótọ́, ijó alẹ́ ọjọ́ kan kì í ṣe ìgbéyàwó.

Láti Nàìjíríà dé Zambia

David Buss gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́dún 1989, ó gbé èsì tó gbà lọ́wọ́ èèyàn 10,047 ní orílẹ̀-èdè 33 jáde, Nàìjíríà àti Zambia sì wà lára wọn. Níbi tó pọ̀ jù, àwọn obìnrin ka agbára àtirówó sí ju bí àwọn ọkùnrin ṣe kà á sí lọ, àwọn ọkùnrin sì ń wá ẹni tó kéré sí wọn lọ́jọ́ orí. Buss ní ohun tó ran àwọn baba ńlá ẹ̀dá lọ́wọ́ láti bímọ ló ṣì ń darí wa.

Alice Eagly àti Wendy Wood tún èsì kan náà yẹ̀ wò lọ́dún 1999. Wọ́n rí i pé níbi tí agbára obìnrin bá ti ń súnmọ́ ti ọkùnrin, ìyàtọ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó àti ọjọ́ orí ń dínkù. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, torí ó fi hàn pé ipò tí èèyàn wà láwùjọ wà lára ohun tó ń yan ẹni fún un.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin

Lọ́dún 2008, Paul Eastwick àti Eli Finkel ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ irú ẹni tí wọ́n ń fẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú fún ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin. Ohun tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ kò fi ẹni tó wọ̀ wọ́n lọ́kàn hàn.

Ní Nàìjíríà, ibi tí èyí ti le ni ọ̀rọ̀ genotype. Bí àwọn méjì tí wọ́n jẹ́ AS bá fẹ́ra, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ yóò ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Láyé àtijọ́, alárinà ti máa ń wádìí àrùn ìdílé kí ọkàn àwọn méjèèjì tó wọ ara wọn. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tí ilé ìjọsìn bá béèrè èsì àyẹ̀wò, tí wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀.