Ta Ni Ó Ṣe Ìlẹ̀kẹ̀? Ìtàn Iṣẹ́ Ọnà Kan ní Etí Odò Ọya

Odò tí àwa Yorùbá ń pè ní Odò Ọya ni ó la Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, kọjá. Omi kan náà ni ó ń ṣàn lọ sí Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja. Ibẹ̀ ni a ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ni ní èdè àti àṣà máa ń sọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ bí ẹni pé ọ̀nà òkun nìkan ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, tàbí bí ẹni pé ààfin ọba nìkan ni ilé rẹ̀. Odò yìí ní ìtàn mìíràn láti sọ.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí jáde ni ìdíje. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láyé òde òní, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni oníṣẹ́ ọwọ́ ń sín ohun tí ó kàn wù ú. Láti ìgbà tí àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ tí a mọ̀ sí SIAO ti bẹ̀rẹ̀ ní Ouagadougou ní ọdún 1988, àwọn olùṣètò a máa fi kókó kan lélẹ̀ fún àpérò náà, oníṣẹ́ ọwọ́ a sì wá ọ̀nà tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi bá a mu. Ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r fúnra rẹ̀, Alphadi, gbajúmọ̀ aránṣọ, dá ayẹyẹ aṣọ àti ọ̀ṣọ́ tí ń jẹ́ FIMA sílẹ̀. Aginjù Tiguidit, ní apá Agadez, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1998. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2000, tí wọ́n gbé e sún mọ́ Niamey, àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan tú jáde sí ìgboro láti fi ẹ̀hónú hàn. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀ṣọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ eré kí ó rántí ọdún náà.

Bí a bá wá sọ fún obìnrin kan ní Niamey pé kí ó fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí yóò fi ogún ìbílẹ̀ hàn, ìbéèrè kan kì í pẹ́ yọjú láàárín àwọn tí yóò ṣe ìdájọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ṣe é; òwú náà, ọjà ni ó ti rà á. Kí ni ó wá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀? Kí ni ó jẹ́ ìbílẹ̀? Ìbéèrè náà dà bí èyí tí kò le. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó ṣi àwọn onímọ̀ lọ́nà fún ìgbà pípẹ́ lórí ìlẹ̀kẹ̀ Ilé-Ifẹ̀, ó sì yẹ kí a yà síbẹ̀ ná kí a tó padà sí Niamey.

Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ní Igbó Olókun, ó rí àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tí gíláàsì ti yọ́ mọ́ inú wọn, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì pẹ̀lú. Ẹ̀rí wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà pé àwọn baba ńlá àwọn tí ó bá níbẹ̀ ni wọ́n ni ọgbọ́n Ifẹ̀. Ó so Olókun mọ́ Poseidon àwọn ará Gíríìkì, ó sì ń sọ̀rọ̀ nípa Atlantis. Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e kò sọ irú àsọdùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé àwọn ará Ifẹ̀ ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní gíláàsì náà fúnra rẹ̀, láti Yúróòpù tàbí láti ilẹ̀ Lárúbáwá ni ó ti wá, pé ńṣe ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń tún un yọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n ṣe fún wa gan-an nìyẹn, wọ́n sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣe é.

Ní ọdún 2006, James Lankton, Akin Ige ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àti Thilo Rehren tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n yẹ èròjà inú gíláàsì Ifẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ẹfun òkúta àti alumínà inú rẹ̀ pọ̀ ju ti gíláàsì Yúróòpù tàbí ti ilẹ̀ Lárúbáwá lọ fíìfíì. Irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ kò ní ilé mìíràn. Nítòsí Ifẹ̀ ni wọ́n ti po yanrìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babátúndé Babalọlá wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ju 12,000 lọ àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín ọ̀rúndún kọkànlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tí a fi irú gíláàsì yìí ṣe ti hàn ní Igbo-Ukwu. Wọ́n ti hàn ní Essouk ní etí aginjù, àti ní Gao. Gao ni olú-ìlú àwọn Sọ́ńgháì àtijọ́. Etí Odò Ọya ni ó wà, lókè odò sí Niamey, èdè Zarma tí wọ́n ń sọ ní Niamey sì jẹ́ ìbátan èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Nígbà náà, kí ọkọ̀ òkun Potogí kankan tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa, ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ ti wà lọ́rùn àwọn ará òkè odò.

Ó rọrùn kí a dúró síbẹ̀ kí a sì máa yọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí láìpẹ́ yìí ni ó sì dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró síbẹ̀, a ti gba òṣùwọ̀n àwọn tí ó rẹ́ wa jẹ. Òṣùwọ̀n náà ni pé ẹni tí ó bá yọ́ gíláàsì nìkan ni ó ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Pé ẹni tí ó yàn án, tí ó tò ó, tí ó sín in, oníbàárà lásán ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, obìnrin Niamey tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní nǹkan kan tí ó lè gbé wá síbi ìdíje.

Ìtàn odò náà kò bá òṣùwọ̀n yìí mu. Mungo Park, ará Scotland, gba orí odò yìí kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1806, lórí ìrìn-àjò tí kò ti ibẹ̀ bọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ti ní láti kọjá níbi tí Niamey wà lónìí kí ó tó dé Bùsá tí ó kú sí. Kí ó tó wọ ọkọ̀ náà, ó na ọjà rẹ̀ fún títà ní Sansanding ní ọdún 1805. Iyùn àti oríṣiríṣi ìlẹ̀kẹ̀ wà nínú ẹrù rẹ̀, ó sì to orúkọ wọn lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú iye owó ẹyọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pa. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò rí i pé iye wọn kò dọ́gba rárá. Ta ni ó fi ìyàtọ̀ náà sí i? Kì í ṣe ilé iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n. Ojú àwọn ará odò ni ó ń díwọ̀n wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn obìnrin kò bá fẹ́ mọ́, òkúta lásán ni, oníṣòwò yóò sì rù ú padà sílé.

Ẹ̀ṣọ́ tí àwọn Tuareg ń pè ní talhakimt tún fi èyí hàn kedere. Òkúta pupa ni wọ́n fi ń ṣe é: òrùka wà lókè rẹ̀, igun mẹ́ta ṣóńṣó wà nísàlẹ̀, àwọn obìnrin a sì máa fi í há irun tàbí kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀gbà ọrùn. Kò sí ohun tí ó jọ ti aginjù Nìjẹ̀r ju òun lọ lójú àlejò. Àmọ́ Khambhat ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti ń gbẹ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ nígbà àtijọ́. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn agbẹ́kùúta Idar-Oberstein ní Jámánì gba iṣẹ́ náà. Òkúta láti Brazil ni wọ́n ń gé, wọ́n a sì pa á láró kí ó lè pọ́n tó bí àwọn Tuareg ṣe fẹ́ kí ó pọ́n. Àwọn ará Jablonec, ní ilẹ̀ Bohemia, sì bẹ̀rẹ̀ sí fi gíláàsì ṣe àfarawé rẹ̀ fún ẹni tí kò rówó òkúta rà. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Òkúta láti Brazil, ọwọ́ ará Jámánì, àwòṣe àti àwọ̀ tí obìnrin aginjù yàn. Nínú ọ̀ràn yìí, ta ni ó fi kókó iṣẹ́ lélẹ̀, ta sì ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ náà? Bí a bá fẹ́ pè é ní ìdíje, àwọn obìnrin aginjù ni adájọ́, àwọn ará Yúróòpù sì ni wọ́n ń du ẹ̀bùn.

Ìdíje gidi tilẹ̀ wà lágbègbè náà tipẹ́tipẹ́ kí ayẹyẹ òde òní tó dé. Lẹ́yìn òjò, àwọn darandaran Fúlàní tí ń jẹ́ Wodaabe a máa pàdé fún Geerewol. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a kun ojú ní pupa, wọ́n a fi okùn ìlẹ̀kẹ̀ dábùú àyà, wọ́n a fi ìyẹ́ ògòǹgò sí orí láwàní, wọ́n a sì tò sí ìlà kan ṣoṣo. Àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n ń yan ẹni tí ó rẹwà jù. Gbogbo wọn ni wọ́n múra bákan náà. Kókó náà ti wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè yí i padà. Inú bí okùn ṣe tẹ̀ àti bí àwọ̀ kan ṣe gbe èkejì ni ìyàtọ̀ wà. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí yóò béèrè ìlú tí wọ́n ti yọ́ gíláàsì náà.

Ní Niamey, ọ̀ràn náà gba ọ̀nà mìíràn. Ìlú yìí di olú-ìlú ilẹ̀ amúnisìn Nìjẹ̀r ní ọdún 1926. Ní ọdún 1959, pẹ̀lú akitiyan Boubou Hama, òṣèlú àti òpìtàn, wọ́n ṣí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí. Pablo Toucet ni olùtọ́jú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí ó mú ilé yìí yàtọ̀ ni pé wọn kò fi mọ sórí kíkó nǹkan sínú àpótí gíláàsì. Wọ́n fún àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà, àwọn oníṣẹ́ awọ àti àwọn ahunṣọ ní àgọ́ nínú ọgbà rẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lójú àlejò. Nígbà tí ọ̀dá ọdún 1973 àti ti 1984 pa ẹran ọ̀sìn àwọn Tuareg run, ọ̀pọ̀ nínú àwọn alágbẹ̀dẹ wọn, tí wọ́n ń pè ní inadan, ṣí wá sí ìlú. Oníbàárà wọn yí padà. Tẹ́lẹ̀, ìdílé olówó ẹran ni ó ń sọ ohun tí òun fẹ́. Ní Niamey, àlejò òkèèrè àti olùṣètò àfihàn ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdájọ́ yí padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, Niamey gba àlejò Eré Ìdárayá àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé, ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún irú rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ní ìdíje tirẹ̀ níbẹ̀: orin, ijó, ìtàn sísọ, lítíréṣọ̀, àwòrán kíkùn, fọ́tò, ère. Ìlẹ̀kẹ̀ kò ní ìdíje tirẹ̀. Àwọn oníjó wọ̀ ọ́ jáde, a sì fún ijó ní ẹ̀bùn. Lójú tiwa, ohun tí ó fà á ni pé ètò àwọn ilé ẹ̀kọ́ Yúróòpù ni wọ́n fi pín iṣẹ́ ọnà, ètò náà sì ka ìlẹ̀kẹ̀ sí ohun èlò, kì í ṣe iṣẹ́.

Èdè Yorùbá kò gba irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ láàyè, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn olùkọ́ èdè. Orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ pín sí ọ̀wọ́ méjì lẹ́nu wa. Iyùn, segi, àkún: ohun tí a fi ṣe é tàbí irú tí ó jẹ́ ni àwọn wọ̀nyí ń sọ. Ẹ̀jìgbà àti bẹ̀bẹ̀ kò sọ ohun tí a fi ṣe wọ́n rárá. Bí a ṣe sín wọn àti ibi tí a fi wọ́n sí lára ni wọ́n ń sọ. A lè fi iyùn sín ẹ̀jìgbà, a sì lè fi gíláàsì olówó pọ́ọ́kú sín in. Ẹ̀jìgbà náà ni. Ìlẹ̀kẹ̀ tí kò tíì bọ́ sínú okùn kò lè jẹ́ orúkọ yìí. Èyí fi hàn pé àwọn tí ó ni èdè yìí ti mọ ẹni tí ó sín ìlẹ̀kẹ̀ sí oníṣẹ́, lọ́tọ̀ sí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ tàbí ẹni tí ó yọ́ ọ. Nínú kíláàsì, a máa ń kọ́ ọmọ ní iyùn àti segi, a sì máa ń fi ẹ̀jìgbà sí abẹ́ "oríṣi ìlẹ̀kẹ̀" bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Kò yẹ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi èyí bo àdánù mọ́lẹ̀. Ìlọrin ní iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa tí ń jẹ́ làńtànà. Ọ̀yọ́ Ilé ni iṣẹ́ náà ti ṣí wá nígbà tí ìlú náà ń tú, ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn oníṣòwò ń gbé òkúta rẹ̀ wá láti ìhà àríwá, àwọn agbo ilé oníṣẹ́ a gé e, wọ́n a fi irin lu ihò sí i, wọ́n a fi omi àti òkúta pẹlẹbẹ dán an títí yóò fi máa kọ mànà. Nígbà tí ìwé àtìgbàdégbà Man gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nípa àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí ní ọdún 1937, ìlẹ̀kẹ̀ òkèèrè ti ń gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́, ọjà kan náà tí Idar-Oberstein ń tà sí. Ẹni tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan: pupa ṣì ń pọ́n, okùn ṣì ń kún. Ẹni tí ń lu ihò ni ó pa irin rẹ̀ tì. Nígbà tí Ann O'Hear kọ ìtàn làńtànà sínú African Arts ní ọdún 1986, ìrántí àwọn àgbàlagbà ni ó ti ń bu ọ̀pọ̀ ohun tí ó kọ.