HP, Dell àbí Lenovo: Èwo ló tó owó rẹ̀ nínú àwọn desktop tòkunbọ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ìwé títẹ̀ àti fọ́tòkọ́pì n'Ìlobùú tàbí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, desktop tòkunbọ̀ ló sábà máa ń wá kiri, torí tuntun inú páálí ti wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun sì ni ti Orolu, nítorí náà iṣẹ́ ìwé ò lè tán níbẹ̀: lẹ́tà sí káńsù, èsì ìdánwò WAEC, ìwé ètò ìsìnkú. Òṣogbo ò jìnnà fún ẹni tó fẹ́ rajà, àwọn míì á sì ránṣẹ́ dé Computer Village n'Ìkẹjà.

Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé HP ló dáa, àbí Dell, àbí Lenovo. Ìbéèrè yẹn ò burú, àmọ́ kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣíwájú. HP EliteDesk, Dell OptiPlex àti Lenovo ThinkCentre, ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe gbogbo wọn fún. Àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun á lò ó fọ́dún mélòó kan, wọ́n á tà á, òun ló ń di tòkunbọ̀. Tí ọjọ́ orí méjì nínú wọn bá dọ́gba, tí RAM wọn náà dọ́gba, atẹ̀wé ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀. Ọjọ́ orí processor ni kó wò.

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé i3, i5 tàbí i7 ló máa sọ ọ́. i5-4590 jẹ́ ìran kẹrin, i5-6500 jẹ́ ìran kẹfà, i5-8500 jẹ́ ìran kẹjọ. Ìran kẹrin ló wà nínú EliteDesk 800 G1 àti OptiPlex 9020. Inú EliteDesk 800 G4 àti OptiPlex 7060 ni wọ́n ti ń rí ìkẹjọ. Kí oníbàárà má wulẹ̀ gba sítíkà ara ẹ̀rọ gbọ́ o, sítíkà ṣeé pààrọ̀. Kó ní kí wọ́n tàn án, kó lọ sí Settings, System, About, orúkọ processor á yọ síbẹ̀.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé ní October 14, 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀, ìran kẹjọ sókè ló ń fẹ́ lọ́dọ̀ Intel, ó sì tún ń béèrè TPM 2.0. Àwọn ọlọ́jà kan máa ń fọgbọ́n fi Windows 11 sórí ìran kẹrin. Ó máa ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n Microsoft ò ṣèlérí pé á máa rí àtúnṣe ààbò gbà. Ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo ará ìlú ti ń ki flash bọ kọ̀ǹpútà, tí NIN àti nọ́ńbà àkáǹtì èèyàn ń gba ibẹ̀ kọjá, kò yẹ kó fi ìyẹn ṣeré.

Ṣé kí wọ́n wá sọ ìran kẹrin nù ni? Rárá o. Tó bá ní RAM 8GB, tí SSD sì wà níbẹ̀ dípò hard disk, ó ṣì lè tẹ̀wé dáadáa, Linux tó jẹ́ ọ̀fẹ́ náà sì wà fún un. Ohun tí kò dáa ni kéèyàn san owó ìran kẹjọ lórí ẹ̀. Látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lẹ́yìn June 2023, láti bíi ₦460 sí dọ́là kan títí tó fi kọjá ₦1,500 ní 2024, ọjà òkè òkun ti gbówó lórí, kéèyàn ra ìràkurà sì wá ń dunni ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Iná náà ń jẹ owó. Ká ní desktop ńlá àti mọ́nítọ̀ rẹ̀ ń fa 100 watt fún wákàtí 8 lóòjọ́, tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 26 lóṣù, nǹkan bíi yúníìtì 21 nìyẹn. Kékeré tí wọ́n ń pè ní Mini tàbí Micro, tòun ti mọ́nítọ̀, tó bá ń fa 50, ìdajì ni. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà ṣiṣẹ́ á mọ̀ ọ́n lára.

Kó tó sanwó, kó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ bóyá wọ́n kọ 100-240V síbẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló ti wá. Kó wo ojú ihò mọ́nítọ̀ náà: ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ àtijọ́ ń lo VGA, DisplayPort nìkan ló sì lè wà lára desktop, owó adapter tún nìyẹn. Kí wọ́n sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí kan lójú ẹ̀ kó tó gbé e wọ mọ́tò Ìlobùú.