Ọ̀fọ̀ Fágúnwà láàrin Àwọn Òǹkàwé Rẹ̀

Nínú oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni omi gbé Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà lọ nítòsí Bida, ní ilẹ̀ Nupe, lẹ́nu ìrìn-àjò iṣẹ́. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Bí a bá fi ọjọ́ orí rẹ̀ wò ó, ó ti ń súnmọ́ ẹni tí à ń lu ìlù sìnkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi irú ikú tí ó pa á wò ó, òkú ọ̀fọ̀ gidi ni. Àárín méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ náà há sí fún àwọn tí ó fẹ́ràn ìwé rẹ̀.

Ìsìnkú Yorùbá ní àyè fún ọmọ olókùú, fún àna, fún ẹgbẹ́ àti fún aládùúgbò. Olúkúlùkù mọ ibi tí yóò jókòó sí àti ohun tí yóò gbé wá. Kò sí àyè kankan níbẹ̀ fún òǹkàwé. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti ọdún 1938 tí *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ti jáde, àwọn tí kò fojú kan ọkùnrin yìí rí ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ní kíláàsì àti nínú ilé, níbi tí ọmọ iléèwé ti ń ka ìwé sókè fún àwọn àgbà tí kò mọ̀wé. Nígbà tí ó kú, kí ni kí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe? Wọn kì í ṣe ẹbí, wọn kò lè da aṣọ òkú. Ohun kan ṣoṣo tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni ìtàn, ìtàn náà ni wọ́n sì fi ṣọ̀fọ̀.

Wọ́n ní omi lásán kọ́ ló pa á. Wọ́n ní àwọn iwin tí ó ń kọ̀wé nípa wọn ni ó wá mú ẹni wọn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, onírúurú ọ̀nà ni wọ́n sì ń gbà pa á.

Ó rọrùn láti pe èyí ní àìmọ̀kan, ṣùgbọ́n n kò rò bẹ́ẹ̀. Fágúnwà fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ àwọn òǹkàwé rẹ̀ láti máa ronú báyìí. Ẹ rántí bí *Ògbójú Ọdẹ* ti bẹ̀rẹ̀: baba àgbàlagbà kan tọ òǹkọ̀wé wá, ó ní kí ó mú gègé àti ìwé, kí ó kọ ohun tí òun yóò sọ sílẹ̀. Àkàrà-ògùn ni ó ni ìtàn. Akọ̀wé lásán ni Fágúnwà pe ara rẹ̀. Nígbà tí ó sì di *Igbó Olódùmarè* ní ọdún 1949, Àkàrà-ògùn náà ni ó tún padà wá sọ ìtàn Olówó-ayé, baba rẹ̀. Òǹkàwé tí ó ti gba akọ̀wé yìí gbọ́ láti ojú ewé kìíní kò ṣàìní ìdí tí ó fi rò pé ó mọ àwọn ará igbó lójúkojú. Ọgbọ́n ìtàn náà ni ó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ọ̀fọ̀ náà ní ohun tí ó gbà lọ́wọ́ òkú. Bí iwin bá ni ìtàn, tí iwin sì ni ikú, kí ni ó kù fún Fágúnwà? Iṣẹ́ rẹ̀ ni a ń fi báyìí gbàgbé. Olùkọ́ ni, ọmọ Òkè-Igbó, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, tí ó sì padà di olùkọ́ níbẹ̀. Onígbàgbọ́ ni: Oròwọlé ni wọ́n sọ ọ́, òun ni ó fi Ọlọ́runfẹ́mi rọ́pò rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ifá inú Fágúnwà kò kúrò níbẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, orúkọ mẹ́ta yìí nìkan tó kọ àròkọ kan lé lórí.) Ìdíje tí ìjọba ṣe ni ó kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ fún. Ìwé ìtàn àròsọ márùn-ún ni ó kọ, *Àdììtú Olódùmarè* ti ọdún 1961 ni ó kẹ́yìn wọn. Nígbà tí ó kú, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Ẹni tí a ní iwin mú lọ, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe kiri.

Ọ̀fọ̀ mìíràn tún wà tí kò pariwo. Ní ọdún 1968, Wọlé Ṣóyínká tú *Ògbójú Ọdẹ* sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1974, Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé odindi ìwé jáde lórí àwọn ìtàn náà, ó sì yẹ̀ wọ́n wò bí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, ibi tí ó dára àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó. Èmi ka èyí sí ọ̀wọ̀ tí ó ga ju ti iwin lọ. Ní ọdún 1977, níbi àjọ̀dún FESTAC ní Èkó, eré *Lángbòdó* tí Wálé Ògúnyẹmí kọ ni Nàìjíríà gbé sórí ìtàgé. Àwọn ọdẹ tún mú ọ̀nà Òkè Lángbòdó pọ̀n, lójú àwọn àlejò tí púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ Yorùbá, ní ọdún kẹrìnlá tí akọ̀wé wọn ti kú.