Gìtá Jàpáànù Àtijọ́: Àlejò Tó Di Onílé

Ní etí ọ̀sà, láti èbúté Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ìdí ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ Yamaha. Ẹ́ńjìnnì tó ń gbé apẹja àti èrò sọdá omi ni. Ní òde ijó, ara gìtá àti dùùrù ni àwọn olórin ti ń ka orúkọ kan náà, orísun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ti ṣẹ̀. Ní 1887, wọ́n ní kí Torakusu Yamaha wá tún dùùrù kan ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Hamamatsu. Ó tú u, ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó sì pinnu pé òun náà yóò ṣe irú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ti inú àtúnṣe yẹn jáde fìdí múlẹ̀ ní 1897. Ẹ̀ka alùpùpù yà kúrò lára rẹ̀ ní 1955, ó sì gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1960. Ẹ̀ka ohun èlò orin bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá oníná mànàmáná ní 1966. Lónìí, àwọn olórin káàkiri ayé ń wá gìtá tí Jàpáànù ṣe nígbà náà lójú méjèèjì. Lójú tèmi, ohun tó mú kó níyì ni pé ara rẹ̀ la ti ń rí ọmọ iṣẹ́ tó ń di ọ̀gá. Àwa Yorùbá, tí àwọn baba wa sọ gìtá àlejò di onílé, ló yẹ kó tètè dá irú iyì bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Kì í ṣe gbogbo gìtá àtijọ́ náà ló dára. Ilé iṣẹ́ gìtá Teisco ti bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànù ní 1946, kété lẹ́yìn ogun. Nígbà tí ìfẹ́ gìtá sì gba ayé kan lẹ́yìn 1960, ọ̀pọ̀ èyí tí Jàpáànù kó ránṣẹ́ sí òkè òkun jẹ́ ọjà pọ́ọ́kú. Pákó wọn kò nípọn, ọrùn wọn a máa tẹ̀, okùn wọn a sì máa ga ju ibi tí ìka ti lè tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ẹni tó bá ní ọjọ́ orí nìkan sọ wọ́n di ohun iyebíye ń tan ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. FujiGen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Matsumoto ní 1960, di ilé tó ń ṣe gìtá Ibanez, tí ìrísí wọn jọ ti Gibson àti Fender ti Amẹ́ríkà gan-an. Ní 1977, Norlin tó ni Gibson pe àwọn tó ń ta Ibanez ní Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ lórí bí orí gìtá náà ṣe jọ tiwọn. Ìta kóòtù ni wọ́n ti parí rẹ̀, Ibanez sì ti ń gbẹ́ orí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tó di 1982, Fender fúnra rẹ̀ lọ dá Fender Japan sílẹ̀, FujiGen ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹni tí wọ́n ń wò ṣe ló padà wá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé ẹni tó ń wò ó lọ́wọ́. N kò mọ ẹ̀rí tó ju èyí lọ.

Síbẹ̀, àwọn kan yóò ní ayédèrú ni ayédèrú ń jẹ́, bó ti wù kó dán tó. Ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí ìdáhùn, nítorí ayédèrú ọjà ti pa wá lára púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ayédèrú a máa fi orúkọ ara rẹ̀ pa mọ́, kí oníbàárà lè rà á ní ìràkurà. Àwọn onígìtá Jàpáànù bí Ibanez, Greco àti Tokai kọ orúkọ ara wọn sí orí gìtá wọn. Ẹni tó rà á mọ ohun tó rà. Ohun tí wọ́n ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tàbí iṣẹ́ aṣọ híhun ń ṣe lọ́dọ̀ wa: yóò ṣe irú ti ọ̀gá títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dá, kó tó dá àrà tirẹ̀. Dùùrù tí Torakusu Yamaha kọ́kọ́ ṣe, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ gbé e gba orí òkè Hakone lọ sí Tokyo, àwọn olùkọ́ orin sì sọ fún un pé ohùn rẹ̀ kò gún. Kò bínú, ó dúró lọ́dọ̀ wọn, ó kọ́ bí ohùn ṣe ń tò, ó sì lọ ṣe òmíràn. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀nà tí àwọn ará Jàpáànù gbà jẹ́ iṣẹ́ àwòṣe nìyẹn.

Ìrìn àjò kan náà ni gìtá rìn lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ̀pẹ́ mọ bí àlejò ṣe ń di onílé: nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́ Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló sá lọ, ó padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ jókòó. Àwọn ni Èkó Ẹ̀pẹ́ títí dòní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, ọdún Káyókáyó sì ń rántí bíbọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni gìtá ṣe wọ inú orin jùjú. Ní 1948, Àkànbí Wright mú gángan wọ jùjú. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè so gìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Kó tó dìgbà náà, bí ìlù bá pọ̀, ohùn gìtá àti ti akọrin yóò rì sábẹ́ rẹ̀. Iná mànàmáná ló jẹ́ kí ìlù lè pọ̀ tó bó ṣe fẹ́, kí gìtá má sì pàdánù ohùn. Nítorí náà, gìtá oníná kò lé ìlù jáde. Òun ló ṣílẹ̀kùn fún un. Nígbà tí Ebenezer Obey àti King Sunny Adé fi máa gba ipò iwájú, gìtá mẹ́ta, mẹ́rin ń jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bí omele ṣe ń ṣe lẹ́yìn ìyáàlù.

A lè bi mí pé kí ni gìtá ń wá ní ìlú onílù bí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́? Ẹ̀pẹ́ ni Lígálì Mùkáíbà ti wá, àpàlà rẹ̀ kò sì nílò gìtá kan kó tó dùn. Òótọ́ ni, ó sì gbe àríyànjiyàn mi lẹ́sẹ̀. Àwọn tí orin wọn ti pé lọ́wọ́ wọn ni Yorùbá. Ẹni tó fẹ́ gìtá mú un, ẹni tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀, fújì náà sì gbà á nígbà tó wù ú. Ẹni tó lè kọ̀ nìkan ni gbígbà rẹ̀ níyì. Àwọn mìíràn yóò tún ní àìlówó lásán ló ń mú wa ra gìtá tòkúnbọ̀, pàápàá láti 1986 tí náírà ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Àìlówó lè sọ ìdí tí a fi rà á, kò lè sọ ìdí tí a fi ń tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá dípò kí a jù ú nù, kò sì lè sọ ìdí tí àwọn olówó Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fi ń wá a.

Ìtàn yìí fi ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún wa, ó sì ká mi lára. A ti mọ gìtá ta, a ti fi í sọ èdè ìlù, ayé sì ti gbọ́. Ṣùgbọ́n títí di ìsinsìnyí, ẹlòmíràn ló ń bá wa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní etí ọ̀sà, àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnnì Yamaha palẹ̀, tí wọ́n sì ń tò ó padà, kò lóǹkà. Àwọn tó ń so okùn gìtá tòkúnbọ̀, tí wọ́n ń tún wáyà inú rẹ̀ jó, wà pẹ̀lú. Ibi tí wọ́n dé yìí ni Torakusu Yamaha dé ní 1887, nígbà tí dùùrù olóhun ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ohun tó kù ni ìpinnu tó ṣe lẹ́yìn tó yẹ inú rẹ̀ wò tán.